Kí Lẹ Fẹ́ Rà Gan-an?

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ra ilé, inú mi sì dùn. Ẹni tó ń san owó ilé fún onílé látọjọ́ tó ti dé Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń fi kún un lọ́dọọdún, tó wá ní òun fẹ́ máa kó owó náà sórí ohun tí yóò di tòun, àgbà wo ni yóò ní kó má ṣe é? Mi ò wá dá yín dúró. Ohun tí mo ń rí láàárín àwọn èèyàn wa ní Woolwich, Plumstead, Abbey Wood àti Thamesmead ló ń mú mi sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú wọn mọ iye owó ilé wọn dórí pọ́n-ùn tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rà gan-an, wọn ò lè sọ.

Ẹ má tíì lọ wo ilé kankan. Owó yín ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó tì. Nínú gbogbo ohun tó ń dá ọmọ Yorùbá dúró lọ́nà ilé rírà nílùú yìí, mi ò rí èyí tó le tó ọ̀rọ̀ ibi tí owó ti wá. Àjọ la fi ń kówó jọ, ohun iyì sì ni àjọ dídá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé àkáǹtì ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, bí yóò ṣe rí lójú lọ́yà tó ń bá a ra ilé. Òpin oṣù, owó iṣẹ́ wọlé. Owó ilé jáde, owó iná jáde, £500 jáde lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tí orúkọ rẹ̀ kò bá ti ọmọbìnrin náà mu. Oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Oṣù kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, £10,000 wọlé gbàà látọ̀dọ̀ ìyá yẹn kan náà. Àwa mọ̀ pé àjọ ẹlẹ́ni ogún ló kó. Lọ́yà ò mọ àjọ. Ohun tó mọ̀ ni pé òfin ilẹ̀ yìí lórí owó àìmọ́ ní kí òun rí orísun owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ilé, bí òun kò bá sì rí i, òun gan-an ló máa jẹjọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà béèrè ọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ á máa gorí ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á sú ẹni tó ń ta ilé, á tà á fún ẹlòmíì.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ torí ilé lẹ ṣe ń dá àjọ, ẹ má fi owó lé ara yín lọ́wọ́. Ẹ gba báǹkì san án, kí ẹ kọ “àjọ” sí i lóṣooṣù. Kí olórí àjọ ní ìwé kan tí orúkọ gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ àti oṣù tí oníkálukú kó wà nínú rẹ̀, tó sì lè buwọ́ lù fún lọ́yà. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí tiyín bọ́ síwájú, kí owó náà ti jókòó nínú àkáǹtì yín fún oṣù mélòó kan kí ọ̀rọ̀ ilé tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ òbí ló fún yín lówó, òbí ní láti kọ lẹ́tà pé ẹ̀bùn ni, pé kì í ṣe ẹ̀yáwó, pé òun kò ní ìpín nínú ilé, wọ́n á sì béèrè páálí ìdánimọ̀ àti ìwé àkáǹtì tirẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ lẹ tà ní Ìkòròdú, ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ fi tà á, ìwé báǹkì tí owó gbà wọlé ní Nàìjíríà, àti ìwé ẹni tó bá yín ṣẹ́ náírà sí pọ́n-ùn. Ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣẹ́ owó nítorí pé ó fẹ́ jẹ èrè díẹ̀ lórí rẹ̀ kò ní ní ìwé kankan láti fi hàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ojú àjọ tì yín níwájú ẹnikẹ́ni. Ní Woolwich yìí gan-an, ní 1847, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Woolwich Equitable, kí àwọn tí kò lówó ńlá lè máa dá díẹ̀díẹ̀ jọ, kí wọ́n sì máa yá nínú rẹ̀ láti ra ilé. Equitable House, olú ilé-iṣẹ́ wọn tí wọ́n ṣí ní 1935, ṣì dúró sí General Gordon Square. Ẹ ń rí i bí ẹ bá ti jáde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal. Barclays ló wá ra iṣẹ́ náà ní 2000. Ní 1868, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà Royal Arsenal dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn, Royal Arsenal Co-operative Society. Ẹgbẹ́ yìí ra ilẹ̀ oko ní Abbey Wood, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Bostall Estate síbẹ̀ láti 1900. Àwọn tẹ́ráàsì tó wà lójú pópó bíi Rochdale Road títí dòní, owó táṣẹ́rẹ́ táṣẹ́rẹ́ ọmọ iṣẹ́ ló kọ́ wọn.

Ó ku báǹkì. Báǹkì lè yá yín tó ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ owó tó ń wọlé fún yín lọ́dún. Pé wọ́n lè yá yín tó bẹ́ẹ̀ kò ní kí ẹ gbà á tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ márùn-ún, tí ẹ tún ń fi ófátáìmù òpin ọ̀sẹ̀ lé e, ẹ má fi ófátáìmù yẹn ṣe ìṣirò mọ́gẹ́ẹ̀jì, owó tí báǹkì máa yá yín. Ọdún 35 ni ẹ fẹ́ fi san án. Ara tí ẹ ní lónìí kọ́ ni ẹ máa ní lọ́dún mẹ́wàá sí i, oyún ń bọ̀, àìsàn òbí ń bọ̀. Ẹ rántí pé ní 2021, èlé Bank of England wà ní 0.1%, nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ 2023, ó ti di 5.25%. Àwọn tó fi ọdún méjì de èlé wọn nígbà tó rọlẹ̀ mọ ohun tí ojú wọn rí nígbà tí ọdún méjì náà pé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé kan ṣe é rà, ẹ fi èlé tó ju ti òní lọ ṣírò rẹ̀, kí ẹ wò bóyá oúnjẹ á ṣì kù nílé.

Ẹni tó ṣì wà lórí físà lè rí mọ́gẹ́ẹ̀jì gbà, ṣùgbọ́n báǹkì tó máa fún un kò pọ̀, wọ́n sì sábà máa ń béèrè owó àkọ́san tó pọ̀ sí i. Bí àṣẹ ìgbé pípẹ́ yín bá kù díẹ̀ kó jáde, sùúrù lè dín ẹgbẹẹgbẹ̀rún kù fún yín. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, nítorí náà ẹni tó ní àṣẹ láti gbé ibí lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lọ́dọ̀ káńsù. Ẹ ṣe é. Yàtọ̀ sí ìbò, orúkọ yín àti àdírẹ́sì yín á wà níbi tí báǹkì ti máa ń wá a. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì pé ogójì ọdún, ẹ wádìí àkáǹtì ìfowópamọ́ tí wọ́n ń pè ní Lifetime ISA: ẹ lè fi tó £4,000 sí i lọ́dún, ìjọba á fi ìdámẹ́rin lé e, tó bá jẹ́ ilé àkọ́kọ́ tí kò ju £450,000 lọ lẹ fẹ́ fi rà. Bí ẹ bá yọ owó náà fún nǹkan míì, wọ́n á gé e, á sì wọ inú owó tiyín gan-an.

Mo dé ibi tó ń dùn mí jù. Púpọ̀ nínú wa ti kọ́lé sílé kí a tó ra ilé níbí. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n owó kan wà tí ìjọba ń gbà lórí ilé rírà, stamp duty, àwọn èèyàn wa sì ń rò pé ojú ìjọba ibí kò tó Ìbàdàn. Òfin kò wo Ìbàdàn tàbí Woolwich. Ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ lójú òfin yìí ni ẹni tí kò tíì ní ilé níbikíbi láyé rí, ì báà jẹ́ èyí tó rà tàbí èyí tó jogún. Ẹ jẹ́ ká mú ilé £400,000, kí ẹ lè rí i. Láti oṣù Kẹrin 2025, ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ kò san nǹkan kan lórí £300,000 ìbẹ̀rẹ̀, ó sì san 5% lórí ìyókù: £5,000 ni. Ẹni tó ti ní ilé rí, tí kò ní in mọ́, yóò san £10,000. Ẹni tó ṣì ní ilé mìíràn tí ìpín rẹ̀ nínú rẹ̀ tó £40,000, tí kò sì jẹ́ pé ilé tó ń gbé níbí ló tà fi ra òmíràn, ìjọba yóò fi 5% gbogbo owó ilé lé tirẹ̀: £30,000 ni yóò san lórí ilé kan náà. Bí tọkọtaya bá jọ ń rà, tí ọkọ ti kọ́lé sí Ìkòròdú kó tó gbéyàwó, àǹfààní ilé àkọ́kọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó náà lórí ilé yẹn, bí kò tilẹ̀ tíì ní búlọ́ọ̀kù kan rí láyé rẹ̀. Ẹlòmíì á ní, “Ta ló máa sọ fún wọn?” Ọmọ mi, ẹ má buwọ́ lu irọ́. Ìwé ìjọba ni, ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú, wọ́n lè wá béèrè rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ìtanràn. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ní fún lọ́yà yín, títí kan ìpín yín nínú ilé bàbá yín, nítorí òfin ní àyè tirẹ̀ fún ogún tí kò tíì pẹ́. Lọ́yà ló mọ bó ṣe kàn yín.

Ó wá kan ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ létí odò Thames ni Thamesmead. Òru ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 1953, omi òkun ya wọ ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó pa èèyàn tó lé ní 300, ó sì bo àbàtà yìí mọ́lẹ̀. Nígbà tí Greater London Council wá ń kọ́ ìlú tuntun síbẹ̀, tí àwọn olùgbé àkọ́kọ́ kó wọlé ní 1968, ìrántí omi yẹn ló mú kí wọ́n fi gáréèjì sísàlẹ̀, kí wọ́n gbé yàrá sókè. Ẹ fi sọ́kàn nígbà tí ẹ bá dé ilé tí ẹni tó ń tà á ti sọ gáréèjì ìsàlẹ̀ di yàrá kẹrin, tó sì fi yàrá náà gbówó lórí. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ káńsù. Bí kò bá sí, ilé oníyàrá mẹ́ta lẹ fẹ́ rà, owó oníyàrá mẹ́ta náà ni kí ẹ san.

Ìdènà omi ńlá tí wọ́n ń pè ní Thames Barrier wà ní Woolwich, ọba obìnrin ìgbà náà ló ṣí i ní 1984. Ọ̀pọ̀ rò pé òun ló ń ṣọ́ Thamesmead. Ìsàlẹ̀ odò ni Thamesmead wà sí i, níhà òkun. Ògiri etí odò ló ń ṣọ́ ọ. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín, àwọn ògiri náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú wọn. Ohun tó kàn yín ni owó ìbánigbófò. Ètò kan wà, Flood Re, láti 2016, tó ń jẹ́ kí ìbánigbófò ilé tó wà níbi tí omi lè dé má wọ́n jù. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 2009 nìkan ló wà fún. Nítorí náà tẹ́ráàsì àtijọ́ lè rọrùn láti bá gbófò ju ilé tuntun tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gba iye owó ìbánigbófò kí ẹ tó dá owó sílẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ti wọlé.

Àwọn ilé ìpele àkọ́kọ́ Thamesmead, kọnkéré pẹlẹbẹ ńláńlá ni wọ́n rọ, tí wọ́n tò jọ bí ògiri. Àwọn báǹkì kan kì í fẹ́ yáni lówó lórí irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí báǹkì kò bá fẹ́ yá ẹ̀yin lówó lórí rẹ̀, kò ní yá ẹni tí ẹ fẹ́ tà á fún lọ́la náà, ìdí nìyẹn tó fi pọ́ọ́kú. Àwọn ìlà ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà yàtọ̀. Ẹ má fojú lásán mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí sọfíyọ̀, ẹni tó ń yẹ ilé wò, kọ ọ́ sínú ìwé, sọfíyọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín bẹ̀ níṣẹ́, nítorí èyí tí báǹkì rán wá, owó báǹkì ló wá wò.

Plumstead ni àwọn tẹ́ráàsì ayé Ọbabìnrin Victoria pọ̀ sí, lójú pópó tó ń gun òkè kúrò ní High Street. Mo fẹ́ràn wọn. Bíríkì wọn dára, àjà wọn ga, ọgbà ẹ̀yìn tó ewédú gbìn. Ẹ wọ yàrá ìsàlẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ihò èéfín ti yọ sínú yàrá tẹ́lẹ̀. Bí ògiri bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹnì kan ti gé e kúrò kí àyè lè gba àga. Ẹ wá gun òkè lọ sí yàrá tó wà lórí rẹ̀ gan-an. Bí èyí tó wà lókè bá ṣì wà níbẹ̀, kí ló gbé e dúró? Bíríkì tó wúwo tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè máa sinmi lórí pákó, lókè ibi tí ẹ fẹ́ tẹ́ ibùsùn ọmọ sí. Irin ló yẹ kó gbé e, ìwé àṣẹ káńsù ló sì yẹ kó jẹ́rìí irin náà. Ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ti ẹ̀yin àti aládùúgbò ni. Bí ẹ bá fẹ́ kan án láti kọ́ yàrá sínú àjà, òfin Party Wall ti 1996 ní kí ẹ kọ̀wé sí i ṣáájú. Ìró ìlù ìsọmọlórúkọ náà ń gba ògiri yẹn kọjá, àdúrà òru náà ń gbà á kọjá. Ẹ lọ kí aládùúgbò kí ẹ tó rà. Ojú rẹ̀ á sọ púpọ̀ fún yín.

Nílé, ìwé C of O la máa ń béèrè, ọmọ onílẹ̀ la sì ń sá fún. Níbí, £7 ni ẹnikẹ́ni ń san fún Land Registry láti rí ìwé ilé tó bá wù ú. Ẹ gbà á fúnra yín kí ẹ kà á. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Apá A ń sọ ohun tí ilé náà jẹ́, bóyá freehold ni, tó jẹ́ tiyín títí, tàbí leasehold, tó jẹ́ iye ọdún kan ni wọ́n fi lé yín lọ́wọ́. Apá B ń sọ orúkọ onílé. Apá C ni kí ẹ jókòó tì: gbèsè báǹkì, ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe sí ilé, àti owó tó so mọ́ ọn. Ní Thamesmead, ilé freehold pàápàá lè ní owó ọdọọdún fún ìtọ́jú àyíká, nítorí adágún, pápá àti ojú ọ̀nà ibẹ̀ ní olùtọ́jú tirẹ̀, Peabody, tó gba ìlú náà láti 2014. Ẹ béèrè iye tí onílé ìsinsìnyí san fún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ leasehold, ẹ ka ọdún tó kù. Bí kò bá tó 80 mọ́, owó gọbọi lẹ máa fi sọ ọ́ dọ̀tun. Kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń gbèrò láti wó àgbègbè náà. Àwọn tó ra ilé wọn ní Lesnes Estate ní Thamesmead ti ń fẹ̀hónú hàn lórí ètò ìwólulẹ̀ Peabody, nítorí wọ́n ní owó tí wọ́n fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ wọn kò lè ra irú rẹ̀ nítòsí.

Ọkọ̀ ojú irin Elizabeth dé Woolwich àti Abbey Wood ní oṣù Karùn-ún 2022, owó ilé sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹ san owó ọkọ̀ tó ti dé. Ẹ̀jẹ́ńtì á máa sọ fún yín pé ọkọ̀ ojú irin DLR ń bọ̀ ní Thamesmead. Ẹ jẹ́ kó dé ná. Lónìí, bọ́ọ̀sì ló ń gbé èèyàn láti Thamesmead lọ bá ọkọ̀ ojú irin. Ẹ wọ̀ ọ́ ní aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan kí ẹ tó pinnu.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kù, òun ló sì ń tú ẹbí ká. Lọ́yà á bi yín bóyá ẹ fẹ́ jẹ́ joint tenants tàbí tenants in common, àwọn èèyàn wa á sì kàn mú èyí tó kọ́kọ́ dé etí wọn. Ní joint tenants, bí ẹnì kan bá kú, gbogbo ilé bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ́kù. Ogún pínpín ní ìdí-igi kò sí níbẹ̀, ti orí-òjorí kò sí níbẹ̀, ìpàdé ẹbí kò lè yí i padà, ìwé ìhágún pàápàá kò lè yí i. Fún tọkọtaya tó bímọ fún ara wọn nìkan, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti bímọ síbòmíì, tàbí ẹni tó mú £60,000 wá nígbà tí ẹnìkejì mú £5,000, kó jẹ́ tenants in common, kí lọ́yà kọ ìpín oníkálukú sílẹ̀, kí oníkálukú sì ṣe ìwé ìhágún. Kì í ṣe àìfọkàntán. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ra ilé fún àbúrò tí kò tíì ní ìwé, kó jáwọ́: irọ́ ni sí báǹkì, òun lòfin mọ̀ sí onílé, àǹfààní ilé àkọ́kọ́ tirẹ̀ sì ti lọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi yàrá háyà fún àwọn tí kì í ṣe ẹbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì àti káńsù ṣáájú. Apá kan Thamesmead wà lábẹ́ káńsù Greenwich, apá kan wà lábẹ́ káńsù Bexley, òfin wọn lórí èyí kò sì rí bákan náà.

Bí wọ́n bá ti gba iye owó tí ẹ pè, ẹ má tíì ra àga, ẹ má tíì fi ilé tí ẹ ń háyà sílẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń tà lè yí padà títí dìgbà tí lọ́yà méjèèjì bá ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn. Lọ́jọ́ pàṣípààrọ̀ yẹn, ẹ máa san nǹkan bí 10%, bí ẹ bá sì yẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, owó náà lọ. Kí ìbánigbófò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí lọ́yà, ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn olè ń fi ímeèlì tó jọ ti lọ́yà ránṣẹ́ pé àkáǹtì ti yí padà. Orúkọ yín lè pẹ́ kó tó jáde ní Land Registry. Bó bá jáde, ẹ gba ìwé náà, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ yín bá ti páálí ìrìnnà yín mu, lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí wọ́n máa ń ṣi orúkọ wa kọ. Kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ fún Property Alert wọn, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ilé náà yáwó tàbí tà á nígbà tí ẹ bá wà ní Nàìjíríà, wọ́n á kọ̀wé sí yín.